Òfin Tí Mo Ṣe Ni Mo Fi Gba Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Lọ́wọ́ Ọlọ́fọ̀

Bó bá jẹ́ ìtàn ẹni tí ọ̀rẹ́ gba ọkọ rẹ̀ lẹ ń wá, ẹ ṣí ojú ìwé mìíràn. Ọkọ tèmi wà nílé, ó ń jẹun, ó ń sùn. Èmi ni mo gba nǹkan ẹlòmíì. Tí mo bá sì sọ ohun tí mo gbà, ẹ ó pòṣé, ẹ ó ní orí mi ti dàrú. Agbábọ́ọ̀lù kan ni. Ọmọ òyìnbó tó wà nílùú wọn lọ́hùn-ún, tí kò mọ̀ bóyá wọ́n bí mi sáyé.

Ẹ má bá mi káàánú o. N ò sọ ọ́ torí àánú. Gbogbo ẹni tó ń ròyìn mi káàkiri Òṣogbo ló ń bù mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an. Bó ṣe rí gan-an ti burú tó, kò nílò àbùmọ́ kankan.

Mọ́nsúrátù lorúkọ mi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Àbẹ́rẹ́. Nígbà tí mò ń wí yìí, Ìyá Humairah ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè mí, torí ọmọbìnrin mi.

Àwa kan wà ní ọ́fíìsì wa tí bọ́ọ̀lù òyìnbó ti kó sí lórí. A dá líìgì kan sílẹ̀ láàárín ara wa, a pè é ní Àjọdàgbà, torí a fẹ́ kó bá wa dé ọjọ́ tí a máa fẹ̀yìn tì. Oníkálukú máa yan àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú òyìnbó. Tí ẹni tí o yàn bá gbá gólù wọlé lópin ọ̀sẹ̀, ìwọ lo gba àmì. Ẹni méjì ò lè ní agbábọ́ọ̀lù kan náà. Tí sáà bá parí, a ó tú gbogbo wọn ká, a ó tún yàn lákọ̀tun, àmọ́ oníkálukú lè di ẹni mẹ́ta mú di ọdún tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e, títí tó bá wù ú. Ìpamọ́ la ń pè wọ́n. Ìpamọ́ rẹ, tìrẹ ni.

Kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀ o. Ẹnu lásán ni. Ẹni tó bá ṣáájú á máa yan fanda, ẹni tó bá wà lẹ́yìn á gbọ́ èébú. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe ń dun èèyàn tó.

Èmi ni mo sì ṣe òfin rẹ̀. Ọjọ́ tí a jókòó sábẹ́ máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì láti fìdí líìgì náà múlẹ̀, àwọn ọkùnrin kàn ń pariwo ni. Ọ̀gá Tóyìn, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, la fi ṣe alága. Ẹnìkan ti wà láàárín wa tẹ́lẹ̀ tó máa ń rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun sọ pé òun wà níbi ìsìnkú ní Ìkìrun, tó jẹ́ pé ìdí ọtí ló jókòó sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú, ni mo bá dìde.

Mo ní ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn pa líìgì tì, tí kò fi orúkọ àwọn tó fẹ́ lò ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, kí a gba ìpamọ́ rẹ̀, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kọ́kọ́ mú níbẹ̀. Mo ní àwíjàre kan ò sí àfi àìsàn tàbí ọ̀fọ̀.

“Ẹnu ara rẹ̀ ni kó sì fi sọ ọ́ lórí gúrúùpù Wáásáàpù wa, lójú gbogbo èèyàn. A ò gba aṣojú.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n fi kún un pé alága nìkan ló lè fojú fo ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Láńre rẹ́rìn-ín, ó ní òfin Ìyá Humairah yìí léyín o.

Láńre yìí lẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láńrewájú Ògúnjìnmí, ọmọ Iléṣà, tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí. Nígbà tí àwọn yòókù ní àwọn ò gba obìnrin sínú líìgì, òun ló béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá obìnrin ò lójú tó fi ń wo bọ́ọ̀lù ni. Òun ló fà mí wọlé. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìyókù.

Lọ́dún àkọ́kọ́, Láńre yan ọmọ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ọmọ tó rí tín-ín-rín, tó jẹ́ pé orí bẹ́ńṣì ló máa ń jókòó sí. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. A sọ ọmọ náà ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láńre ní Jùwọ́n àbúrò òun, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, ló ní kí òun mú un, pé Jùwọ́n mọ bọ́ọ̀lù ju òun lọ.

Kò tó ọdún mẹ́ta, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dẹni tí gbogbo ayé ń pariwo. Tó bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, gólù ni. Láńre ò tún kúrò lókè mọ́. Èmi ńkọ́? Ìsàlẹ̀. Lọ́dọọdún, ìsàlẹ̀. Ọ̀gá Tóyìn ló sọ mí ní Ìpìlẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n á yọjú sí yàrá wa, wọ́n á ní, “Ìpìlẹ̀ ilé wa ńkọ́?” Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dénú.

Mo bẹ Láńre pé kó gba gbogbo ìpamọ́ mi, kó fún mi ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan. Ó mi orí.

“Ẹ má bínú, Ìyá Humairah. Ti Jùwọ́n ni. Mo kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.”

Ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ dé. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Láńre pè mí. Mọ́tò ti kọlu ọ̀kadà tí Jùwọ́n gùn lápá Old Garage. Mo sá jáde, mo gbé òun àti Phebe ìyàwó rẹ̀ sínú mọ́tò mi, a dorí kọ ọsibítù. Èmi ni mo di Phebe mú níbàdí nígbà tí dókítà jáde tí kò wo ojú wa. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Wàláì, ẹkún yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í gbé e pẹ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n sin ín ní Òṣogbo níbí. Àwa díẹ̀ la wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀.

Màmá wọn ní Iléṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé wọn ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu wọn tó wọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sípò, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ohun òjijì kankan ò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu abiyamọ. Àgbà ìdílé á kóra jọ, àwọn àgbà ìjọ á bá wọn lọ, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ lọ ọ̀rọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á mú un jókòó sáàárín kí wọ́n tó tú u. Bí ó tilẹ̀ máa dákú, ọwọ́ èèyàn ni yóò dákú sí. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kí ara Màmá le díẹ̀ sí i, kí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Àkúrẹ́ sì dé. Wọ́n sọ fún Màmá pé Jùwọ́n ríṣẹ́ lókè Ọya, pé fóònù kì í wọlé níbi tó wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Màmá ń pe Láńre, pé ṣé Jùwọ́n ti pè. Láńre á ní ó pè, ó ní kí n kí yín. Tó bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, á doríkodò.

Ọmọ àbúrò Màmá kan wà, Tiwalolúwa, tíṣà ni, òun ló ń gbé pẹ̀lú Màmá tó ń tọ́jú wọn. Ọmọ gidi ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò nílẹ̀kùn, wọn ò sì jẹ́ kó gbọ́. Tiwa yìí wà nínú líìgì wa. Láńre ló mú òun náà wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Láńre wá bá mi nínú mọ́tò mi níwájú ilé rẹ̀. Ó ti rù. Ó ní òun ò lè ronú bọ́ọ̀lù, òun ò sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù, torí tí Tiwa bá rí i, ó dé etí Màmá nìyẹn.

“Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá Tóyìn nìkan, kí wọ́n fojú fo tèmi. N kì bá yọ yín lẹ́nu, Ìyá Humairah. Torí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Òun ló kù tí èmi àti Jùwọ́n jọ ní.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Láńre, fi sílẹ̀ fún mi.”

Mo fẹ́ ṣe é o. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo padà sí ọ́fíìsì, mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Tóyìn lọ. Mo ṣílẹ̀kùn báyìí, wọ́n gbójú sókè.

“Áà, Ìpìlẹ̀. Ṣé ẹ wá tọrọ àmì ni?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbé fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi lé wọn lórí tábìlì, mo yí padà. Mo ní ó di ọ̀la.

Àmọ́ kí n tó dé ìjókòó mi ni nǹkan kan ti sọ sí mi nínú. Ta ló wà nísàlẹ̀ pátápátá? Èmi ni. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, ta ni yóò kọ́kọ́ mú? Èmi náà ni. Mo jókòó, mo kọjú sí tábìlì Láńre tó ṣófo, torí ó ti gba ìsinmi ọdún rẹ̀ láìsọ ìdí. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe irú ẹ̀. Mo sì ń ronú rẹ̀ lọ.

Ọ̀la di ọ̀túnla. Mo ń bẹ Láńre wò, mo ń gbé oúnjẹ lọ fún Phebe. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń pè mí ní Màámi. Láńre ò tilẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀gá mọ́, ó ti gbà pé mo ti ṣe é. Ojú là á rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Mo ń jókòó sí pálọ̀ wọn, mo ń ka ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀kẹta kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé mọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ sórí gúrúùpù. Mo fi sùúrù kọ ọ́. Mo ní n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, àmọ́ òfin ò mọ ojú, arákùnrin wa kan ti pa wá tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan.

Àwọn èèyàn gbè é. Wọ́n ní Láńre ti ń gbéra ga, torí pé ó wà lókè. Ọ̀gá Tóyìn béèrè bóyá àlàáfíà ni, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ làwọn fẹ́ gbọ́. Láńre ò dáhùn níbẹ̀. Èmi ló pè.

“Ìyá Humairah, ṣé ẹ ò sọ fún ọ̀gá ni?”

Ibi tí mo ti lè tún un ṣe nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé mo gbàgbé. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀, á bínú, á dárí jì mí, ó parí. Àmọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo ní, “Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní òfin ni òfin. Wọ́n ní bí o bá ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.”

Ó wá ní, “Wọ́n ní ‘lóòótọ́’?”

“Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo dúró, mo mu omi, mo padà sórí gúrúùpù. Mo kọ ọ́ pé a ti ní sùúrù tó, ẹni tí kò bá ní àwíjàre ti gba òfin nìyẹn, èmi tí mo wà nísàlẹ̀ mú Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀gá Tóyìn ní Ìpìlẹ̀ ti fẹ́ kọ́ ilé.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Láńre wọlé.

“Jùwọ́n àbúrò mi ló kú. A ti sin ín. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ yìí. Ṣé ó ti tó yín?”

Kò pẹ́ tó fi pa á rẹ́. Orí rẹ̀ ti gbóná ni, ó ti gbàgbé pé Tiwa wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Tiwa fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìyókù níṣojú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní Iléṣà, ó ń gé èékánná fún Màmá ní pálọ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lórí itan Màmá. Fóònù dún. Ó wò ó. Ó ké orúkọ Jùwọ́n kó tó mọ̀ pé òun lanu. Màmá béèrè pé kí ló ṣe Jùwọ́n. Ọmọ náà ò mọ irọ́ tó lè pa.

“Wọ́n ti sin ín, Màmá.”

Bí abiyamọ ṣe gbọ́ ikú àbígbẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Kò sí àgbà kan níbẹ̀, kò sí àdúrà, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń gé e léèékánná. Wọ́n fẹ́ dìde, wọn ò mú ọ̀pá, wọ́n ṣubú. Nígbà tí wọ́n lajú ní ọsibítù, apá òsì ò dá wọn lóhùn mọ́.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo gbọ́? Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wà lọ́dọ̀ mi. Ó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo rúkèrúdò yẹn, kò sẹ́ni tó rántí gbà á kúrò. Ó gbá méjì wọlé ní Sátidé yẹn, mo sì kúrò nísàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú mi dùn. Mo jókòó sí yàrá mi, inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí pé inú mi ń dùn.

Nígbà tí Màmá kúrò ní ọsibítù, Ọ̀gá Tóyìn kó gbogbo wa lọ sí Iléṣà láti lọ bẹ̀ wọ́n. N ò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. Nínú mọ́tò, èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù. Mo ń mi orí, mo ń ní Láńre ò ṣe é re, ká ní ó fi tó ẹnì kan létí nínú wa ni.

Màmá jókòó sórí àga, wọ́n fi aṣọ bo apá tó kú. Láńre wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò wo ojú mi. Phebe ń gbé omi kiri. Ọ̀gá Tóyìn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ní kí Màmá foríjì àwọn, àwọn ò mọ̀ ni, Láńre ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láńre gbórí sókè.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní bí mo bá ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.”

Ọ̀gá Tóyìn dìde lórí ilẹ̀. “Èmi? Ta ni mo sọ ọ́ fún?”

Mo tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà ìjọ wọn tó wà lára ògiri. Mo ń ka orúkọ oṣù. Phebe gbé àwo omi kalẹ̀.

“Ìwọ.”

Ọmọ tí kò pè mí rí láì fi ọ̀wọ̀ sí i. “Ìwọ lo dì mí mú lọ́jọ́ tó kú. Inú mọ́tò rẹ la fi lọ. Ìwọ lọkọ mi rán sí ọ̀gá. O ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Mo ń jẹ ẹ́.”

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́n á ti kúnlẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo bínú. Mo ní ṣé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ni, àbí èmi ni mo ní kí Láńre gbàgbé pé Tiwa wà níbẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ ọlọ́fọ̀, lójú ìyá òkú. Ọ̀gá Tóyìn fọwọ́ bojú.

Màmá gbé ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè. Èdè Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ẹnu wọn sì ti wọ́, àmọ́ mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Láńre. Tiwa ló sọ ọ́ níkẹyìn, pé ọmọ òyìnbó kan ni, pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

“Ṣé ó máa ń wá síbí?”

“Rárá, Màmá.”

“Ṣé ó mọ obìnrin yìí?”

“Kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, Màmá.”

Màmá wò mí, ó pẹ́. N ò lè gbójú kúrò.

“Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o. Láńre, mo ní o ò gbọdọ̀ gbà á padà. Ẹ fi ọmọ náà fún un, títí ayé. Kó máa tọ́jú rẹ̀. Tó bá ṣe dáadáa, kí ẹ máa kí i kú oríire ọmọ. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe é, kí ẹ tètè sọ fún un. Ẹ má pe àgbà kankan. Ẹ má rọra tú u.”

Màmá ní kí wọ́n gbé àwọn wọlé. Àbẹ̀wò wa parí síbẹ̀.

Ohun tí Màmá sọ ni Ọ̀gá Tóyìn kọ mọ́ òfin Àjọdàgbà: èmi ni mo ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́, n ò gbọdọ̀ fi pààrọ̀, n ò gbọdọ̀ tú u sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á. Láńre kúrò nínú líìgì, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn. Èmi náà jáde lórí gúrúùpù, wọ́n dá mi padà. Mo tún jáde. Ọ̀nà ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń pàdé mi báyìí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò sì dúró, ó ń gbá a wọlé ṣáá. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, láti ẹnu géètì títí dé ìjókòó mi, “Ẹ kú oríire ọmọ. Ọmọ yín gbìyànjú o.” Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi. Ọ̀gá Tóyìn ò pè mí ní Ìpìlẹ̀ mọ́. Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo wọn ń pè mí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì ò mọ̀ pé mo bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Humairah.

Ẹ ní kí lẹ̀kọ́ ibẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ fúnra yín mú un. Ó ku ohun kan tí n ò tíì sọ.

Ní Sátidé kan lóṣù tó kọjá, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Humairah ti lọ sí ilé kéú láti àárọ̀. Fóònù mi dún. Phebe ni, tí kò pè mí láti ọjọ́ Iléṣà yẹn. Mo rò pé bóyá ó fẹ́ dárí jì mí.

“Ẹ kú ilé, Màámi. Ọmọ yín ti ṣubú. Kò lè dìde. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù.”

N ò béèrè ọmọ wo. Fóònù wà létí mi, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mo ti wà lójú títì. Bàtà kan bọ́, n ò padà mú un. Mo ń ké orúkọ ọmọ mi lójú ọ̀nà bí wèrè, àwọn èèyàn ń yà fún mi. Phebe wà lórí fóònù títí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo já wọ ọgbà ilé kéú. Humairah jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń ka tirẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ìyá mi, kí ló dé?” Mo wó lulẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà náà ni Phebe tó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi.

“Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mò ń wí, Màámi. Orókún rẹ̀ ló yẹ̀. Màmá wa ní kí n tètè sọ fún yín.”